Kí Ló Fi Bílíọ̀nù Mẹ́wàá Kún Un?

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iye owó méjì ti ń jà lọ́kàn mi. Èkíní, bílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Èkejì, bílíọ̀nù 12.5. Orí ìmìtìtì ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti sọ méjèèjì, ìyẹn èyí tó mi Northridge àti agbègbè rẹ̀ ní Los Angeles jìgìjìgì ní ìdájí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1994. Iye àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń ṣírò òfò fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ́kọ́ gbé jáde. Iye kejì ni ibi tí wọ́n bá a dé lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe, tí wọ́n tún tún un ṣe, léraléra.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa díye lé ilé. Mo ń ka búlọ́ọ̀kù, mo ń ka àpò sìmẹ́ńtì, mo ń wọn irin, mo ń ṣírò owó bíríkìlà àti ti lébírà, mo wá ń kọ àròpọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Bí mo bá pe iṣẹ́ kan ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tó wá di méjìlá, oníbàárà mi á bínú. Bó bá di àádọ́ta, ilé ẹjọ́ ló kù. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fojú fo bílíọ̀nù mẹ́wàá tó wà láàárín iye méjì yẹn. Kí ló fi kún un? Ṣé àwọn tó kọ́kọ́ ṣírò ò mọ iṣẹ́ ni? Àbí wọ́n purọ́?

Páálí ìwé kan ló tún ọ̀rọ̀ náà jí nínú mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti pẹ́ ní Reseda fẹ́ kó lọ sí ilé tó kéré. Níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni wọ́n ti rí páálí náà nínú gàráàjì. Wọ́n ya àwòrán ìwé inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ojú ewé mọ́kànlélógójì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré: "Ìwọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, wò ó." Reseda tí mo dárúkọ yìí ni ojú ibi tí ìmìtìtì náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Northridge ni ayé fi sọ ọ́ lórúkọ.

Rọ́ọ̀gì yàrá àwọn ọmọ

Mo mọ ìtàn inú páálí yẹn tẹ́lẹ̀, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi.

Ilé ilẹ̀ ni ilé ẹ̀gbọ́n mi. Pákó ni egungun rẹ̀, wọ́n fi pílásítà tín-ín-rín bo ìta, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ lé orí sìmẹ́ńtì pẹrẹsẹ, èyí tí àwọn bíríkìlà tiwa ń pè ní jámánì fúlọ́ọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì, àwo fọ́, tẹlifíṣọ̀n ṣubú, pílásítà sán ní igun àwọn fèrèsé, ilẹ̀kùn kan kò ṣe é tì mọ́. Ilé ò wó. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó wọn àtàwọn ọmọ méjèèjì sùn sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n dúpẹ́, wọ́n padà wọlé. Kò jìnnà sí wọn, ní ilé alájà mẹ́ta kan tó ń jẹ́ Northridge Meadows, àjà òkè ti jókòó lé ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ènìyàn 16 sì kú síbẹ̀. Ta ni yóò wá máa sọ̀rọ̀ pílásítà?

Ní oṣù kejì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí wọ́n ń sanwó fún rán ọkùnrin kan wá yẹ ilé wò. Ìwé tó kọ wà nínú páálí náà, iṣẹ́ tó mọ́ lójú sì ni. Ó ka gbogbo ibi tó sán lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ̀n wọ́n, ó kọ iye ọ̀dà, iye pílásítà, iye gíláàsì, owó káfíńtà tí yóò tún ilẹ̀kùn ṣe. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11,400 dọ́là. Àdéhùn wọn sì sọ pé onílé fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ilé kí ilé-iṣẹ́ tó dá sí i. Ní ti ilé tiwọn, 19,000 nìyẹn. Iye orí ìwé kò tó o, wọn ò san kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀dà, wọ́n kun ilé wọn.

Oṣù kẹfà ọdún 1995 ni mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà. Ọdún méjì péré ni mo tíì jáde ilé-ìwé, ìwé ẹ̀rí mi ṣì ń gbóná lọ́wọ́ mi. Yàrá àwọn ọmọ ni wọ́n fi mí sí, ilẹ̀ ni mo sì ń sùn torí pé bẹ́ẹ̀dì wọn ò gbà mí. Ní ọjọ́ kejìlá tí mo débẹ̀, Sátidé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, ní àwọn ti ra rọ́ọ̀gì tuntun, pé kí n bá ẹ̀gbọ́n mi ká ti àtijọ́ kúrò nílẹ̀ nítorí ó ti ń rùn ìtọ̀ ọmọdé. A gbé bẹ́ẹ̀dì síta. A bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu ọ̀nà, à ń fà á tu kúrò lára ìṣó, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Nígbà tí a ká a dé ìdajì yàrá, ẹ̀gbọ́n mi dúró.

Ilẹ̀ ti lanu. Láti abẹ́ fèrèsé ló ti wọ́ wá bí ipa ejò, ó gba àárín yàrá, ó kọjá lábẹ́ ògiri sí yàrá kejì. Ní ibì kan, ìka mi méjì wọ inú rẹ̀ láìfi ipá. Apá kan ga ju èkejì lọ. Bọ́ọ̀lù ọmọ kan wà lórí àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì yí lọ sábẹ́ fèrèsé fúnra rẹ̀. Àǹtí gbọ́ pé a dákẹ́, wọ́n wọlé wá. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Ṣé orí èyí ni àwọn ọmọ mi ti ń sùn láti ọjọ́ yìí?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ti fi ẹ̀yìn lé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gan-an ti ń mọ̀ ọ́n pé ibì kan ga, ibì kan rẹlẹ̀. Mo rò pé fóòmù ló ká jọ. Ọkùnrin tó wá yẹ ilé wò náà ti rìn kọjá níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun wọ yàrá yẹn, pé òun rí ibi tó sán ní igun òkè ògiri, ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ara ògiri lojú rẹ̀ wà. Rọ́ọ̀gì ló wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Èsì wọn ò ju ìlà mẹ́rin lọ: ọdún kan tí àdéhùn fún wọn láti gbé ẹjọ́ dìde ti kọjá, fáìlì ti wọ pósí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nìyẹn títí di ọdún 2000, nígbà tí ilé aṣòfin California ṣe òfin kan tó ṣílẹ̀kùn padà fún ọdún kan gbáko fún àwọn tí wọ́n ti lé padà lórí òfò Northridge nítorí pé àkókò ti kọjá. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó padà lọ. Ẹnjiníà ni wọ́n rán wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ká rọ́ọ̀gì gbogbo yàrá, ó gbẹ́ ìdí ìpìlẹ̀ wò, ó tú pákó inú ògiri ní ibi mẹ́ta. Iye tirẹ̀ jẹ́ 73,000 dọ́là.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ní tòótọ́, kò sẹ́ni tó lè ká rọ́ọ̀gì gbogbo ilé ní ìlú tó tóbi tó Los Angeles lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà àwọn onímọ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ ka ilé: mélòó ló jẹ́ pákó, mélòó ló jẹ́ irin, mélòó ló jẹ́ kọnkéré, ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ, àjà mélòó. Wọ́n á wo bí ilẹ̀ ṣe mì tó ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi ara wọn pé, bí irú ilé yìí bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí ilẹ̀ wọn sì mì báyìí, mélòó ni yóò họ lára lásán, mélòó ni yóò ṣèṣe, mélòó ni yóò bàjẹ́ gidi, mélòó ni yóò parun. Nínú HAZUS, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1997, ilé tó họ lára ń gba nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n lè fi kọ́ ọ tuntun, èyí tó ṣèṣe ń gba 10, èyí tó bàjẹ́ gidi ń gba 50, èyí tó parun ń gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po, wọ́n á rò ó pọ̀.

Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí. Ó ní ọgbọ́n nínú, ó sì ń jẹ́ kí ìlú mọ bí ìṣòro ṣe tó kó tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ibo ni irú àwọn iye bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní 1985, nínú iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ATC-13, wọ́n kó àwọn àgbà ẹnjiníà jọ, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn ti rí, ìdáhùn wọn ló sì di tábìlì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Bí àgbà bá ti rí nǹkan, ó tọ́ kí á fetí sí i. Àmọ́ ohun tí ojú ò tíì rí ńkọ́?

Northridge fi hàn wọ́n. Títí di ìdájí yẹn, àwọn ẹnjiníà gbà pé ilé onírin gíga ni ọba, pé bí ilẹ̀ bá mì, irin á tẹ̀, kò ní ṣẹ́. Lóòótọ́, ọ̀kankan nínú wọn ò wó lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró ṣinṣin, gíláàsì wọn ń dán, àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Àwọn ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wà lára ibi tí àṣírí ti kọ́kọ́ tú, nítorí pé kò tíì sí àjà tó bo irin wọn: ojú ibi tí wẹ́dà ti jó ìdábùú mọ́ òpó ti là. Wọ́n bá lọ sí àwọn ilé tó ti parí, wọ́n tú àjà, wọ́n ha ohun tí wọ́n fi bo irin nítorí iná, wọ́n wò. Kí wọ́n tó mọ̀, ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti rí i lára rẹ̀. Ìjọba ìlú Los Angeles wá ṣòfin ní 1995 tó fi dandan lé àyẹ̀wò irin ní àwọn àdúgbò kan. Àwọn baba wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìṣirò oṣù kejì ọdún 1994 ka ẹ̀fà dáadáa. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Irin tó là kọ́ ló sì gbé bílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn fúnra rẹ̀. Ilé pákó bíi ti ẹ̀gbọ́n mi ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú òfò ilé. Bí mo sì ṣe ń kà sí i ni mo ń rí i pé ohun tí àwa tó ń kọ́ ilé ń bọ, ìyẹn òpó, ìdábùú àti ìpìlẹ̀, kì í ṣe ibi tí owó pọ̀ sí jù. Àwọn ẹnjiníà méjì, Shahram Taghavi àti Eduardo Miranda, ṣe ìwádìí lórí èyí, wọ́n gbé e jáde ní 2003. Nínú ilé ọ́fíìsì, egungun ilé kò ju ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà níbẹ̀ lọ. Ní ilé ìwòsàn, ìdá 8 péré ni. Ìyókù jẹ́ àjà, páìpù, wáyà, gíláàsì, ẹ̀rọ, ohun èlò. Ilé ìwòsàn Olive View rí èyí fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1971, ìmìtìtì San Fernando bà á jẹ́ pátápátá nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Wọ́n wó o, wọ́n tún un kọ́ pẹ̀lú irin tó lágbára gan-an. Ní 1994 ilé náà dúró gbọn-in. Páìpù omi ló já, omi ń ṣàn láti òkè, wọ́n sì ní láti kó àwọn aláìsàn jáde. Ilé tó dúró, ilé ìwòsàn tí kò ṣeé lò. Kí ni kí ẹni tó ń díye lé e kọ sílẹ̀?

Àkókò náà ní iye tirẹ̀. Afárá ojú ọ̀nà Santa Monica wó lulẹ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà jù lọ ní ìlú náà. Ìjọba ṣàdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe pé lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi ya gbèdéke, òun á fi 200,000 dọ́là kún owó rẹ̀. Lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́, òun á yọ iye kan náà. Agbaṣẹ́ṣe ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ 66, ó sì gba ẹ̀bùn tó lé ní mílíọ̀nù 14. Àwọn kan bínú sí owó yẹn. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìjọba wo ojú ọ̀nà tó dí, wọ́n mọ ohun tí ọjọ́ kan jẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló kọ iye ọjọ́ mẹ́rin tí Àǹtí fi sùn sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì, tí wọn ò lè lọ síbi iṣẹ́?

Ká má sì gbàgbé ọ̀wọ́n gógó. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé bá sán lọ́jọ́ kan, gbogbo onílé ló ń wá káfíńtà kan náà. Owó iṣẹ́ á gbéra, ti pákó á tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti fi iye ọjà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣírò ti ṣì í kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí a bá wò

Nítorí náà, mi ò gbà mọ́ pé àwọn tó sọ 2.5 purọ́. Ìdáhùn tí mo rí dùn mí ju irọ́ lọ. Bílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn wà nílẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ 17. Ó wà lábẹ́ rọ́ọ̀gì, lẹ́yìn àjà, nínú òpó. Ohun tó ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù ni iye ènìyàn tó ń wò. Onílé ń wò, lọ́yà ń wò, ẹnjiníà ń wò, aṣòfin ń fúnni láyè láti tún wò. Àti wíwò yẹn ló di iye.

Bọ́rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, iye òfò ìmìtìtì ilẹ̀ ń sọ nǹkan méjì pa pọ̀: bí nǹkan ṣe bàjẹ́ tó, àti bí wọ́n ṣe wá a tó. Èkejì yìí ni kì í jẹ́ kí n sùn bí mo bá rántí Hàítì.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, ìmìtìtì tí ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 7.0 kọ lu Hàítì. Ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn tí ìjọba sọ pé ó kú. Nínú ìṣirò tí ìjọba ṣe pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Báńkì Àgbáyé àtàwọn mìíràn ní oṣù kẹta, òfò náà jẹ́ bílíọ̀nù 7.8 dọ́là, iye tó ju gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà pa wọlé ní ọdún 2009 lọ. Ilé bí 105,000 ló parun, ó sì lé ní 208,000 tó bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ò tíì pé lẹ́yìn Hàítì tí ilẹ̀ mì ní Chile, 8.8, ìmìtìtì tó fi agbára ju ti Hàítì lọ fíìfíì. Ènìyàn 525 ni wọ́n kà pé ó kú. Òfò rẹ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù 30.

Bí ẹnìkan bá fi iye méjì yìí wé ara wọn, á ní òfò Chile fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Hàítì. Èyí tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ òtítọ́: ilé tó gbówó lórí ju ilé búlọ́ọ̀kù olówó pọ́ọ́kú lọ, ilẹ̀ tó mì ní Chile sì fẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé Chile ní àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti ká rọ́ọ̀gì. Ní Hàítì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní adójútòfò. Kò sí páálí ìwé nínú gàráàjì, kò sí lọ́yà, kò sí òfin tí yóò ṣí fáìlì padà lẹ́yìn ọdún méje. Ilé tí òpó rẹ̀ ti là nínú, tí bàbá ilé wá fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀, tí ó sì kó ọmọ rẹ̀ padà sínú rẹ̀, kò sí nínú bílíọ̀nù 7.8.

Mo gbọ́dọ̀ yin àwọn ẹnjiníà Hàítì o. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde kó àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà jọ, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì rán wọn sígboro pẹ̀lú ọ̀dà. Láàárín ọdún kan, wọ́n ti yẹ ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400,000 wò. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé sàmì sí èyí tó ṣeé gbé, tó jẹ́ bí ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Yẹ́lò fún èyí tó nílò àtúnṣe, ìdá 26. Pupa fún èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ̀, ìdá 20. Bí mo bá ní àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́, àwọn ni n óò fún. Ọ̀dà wọn ń sọ fún ìyá kan bóyá kó sùn sínú ilé lálẹ́. Kò sẹ́ni tó rán wọn láti ṣírò iye tí yóò ná ìyá náà.

Wíwò ní ìjìyà tirẹ̀ pẹ̀lú, n kò ní fi bò. Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ṣáájú Northridge, iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbà lọ́wọ́ àwọn onílé California lórí ìmìtìtì ilẹ̀ kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 3.4 lọ. Wọ́n wá san ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìdájí kan. Ẹ̀rù bà wọ́n. Nígbà tí ọdún 1995 wọlé, àwọn tó ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà náà ti dín títà kù tàbí kí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní láti dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1996, California Earthquake Authority, kó lè rí ẹni tí yóò máa tà á. Títí dòní, àwọn onílé tó ní in níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹnìkan lọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ò ní in mọ́. Wọ́n ní owó tí àwọn máa kọ́kọ́ gbé pọ̀ jù, pé kí Ọlọ́run ṣáà máa ṣọ́ àwọn.

Iye méjì

Ohun tí páálí yẹn yí padà nínú iṣẹ́ mi kéré, àmọ́ ó ti fa ìjà. Tẹ́lẹ̀, iye kan ni mo ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Láti oṣù tó kọjá, méjì ni mo ń kọ: iye ohun tí mo rí, àti iye tó lè dé bí ohun tí n kò rí bá jẹ́ ohun tí mo ń fura sí. Mo sì ń kọ ohun tí n kò ṣí wò: àjà tí n kò gùn, ìpìlẹ̀ tí n kò gbẹ́, rọ́ọ̀gì tí n kò ká.

Alhaji kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá wo ìwé náà, wọ́n bọ awò ojú wọn. "Ẹ̀yin ẹ sọ iye kan fún mi, jàre. Ṣé mo máa fi iye méjì lọ sí báńkì ni?"

"Alhaji, bí mo bá sọ kan, irọ́ ni mo pa fún yín."

"Irọ́ wo? Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ yín."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ohun tí mo mọ̀ ló ń jẹ́ kí n kọ méjì."

Wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Mo dúró sórí ọ̀rọ̀ mi. Mo rántí 11,400 tí kò tó 19,000. Iye yẹn kì í ṣe òǹkà lásán. Òun ló pinnu bóyá ilẹ̀kùn á ṣí tàbí kí ó tì. Bí ọkùnrin ọjọ́ náà bá ti kọ "11,400, àmọ́ n kò wo ilẹ̀," ìdílé kan ì bá ti ká rọ́ọ̀gì ní oṣù kejì ọdún 1994. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀, ń gbé ìwé kan jáde láìpẹ́ sígbà tí ìmìtìtì ńlá bá ṣẹlẹ̀, PAGER ni wọ́n ń pè é. Ìwé náà kì í sọ iye kan: ó ń fi hàn bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí òfò bọ́ sáàárín mílíọ̀nù kan sí mẹ́wàá, mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún sí bílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ lọ sókè. Wọ́n kọ àìmọ̀ wọn sójú ìwé, ayé sì ń lò ó.

Lẹ́yìn álímánáákì

Ní oṣù keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìbàdàn, ní Ṣágámù, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, ìsinmi ni mo lọ lò lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ohun tí mo rántí ni pé àwo páànù ń kọrin lórí pẹpẹ, ìyá àgbà sì ní kí gbogbo wa jáde síta, kí a má wọ bàtà. Kò pẹ́ rárá. Kò sẹ́ni tó wá yẹ ilé kankan wò.

Ògiri pálọ̀ ilé yẹn sán. Mi ò lè búra pé ọjọ́ náà ló sán. Ó lè ti wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ òjò ló fà á lẹ́yìn náà. Ohun tó dá mi lójú ni pé láti ìgbà tí mo ti ń dàgbà ni álímánáákì ìjọ ti wà lójú rẹ̀, ọdún ń yí, álímánáákì ń yí, ìṣó kan náà.

Sátidé tó kọjá mo wakọ̀ lọ. Màmá mi ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Wọ́n bá mi lórí àga, álímánáákì lọ́wọ́ mi.

"Kí lò ń wá lẹ́yìn ìyẹn?"

"Mo fẹ́ wọn ibi tó sán ni, Mà."

"Ta ló fẹ́ san án?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mà. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n wá lọ di ẹsẹ̀ àga náà mú fún mi torí pé ó ń mì. Ọmọńlé kan sá jáde nínú ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì méje ni gígùn rẹ̀, ibi tó sì fẹ̀ jù gba etí owó kọ́bọ̀ kan. Mo yí lọ sẹ́yìn ilé, mo rí i pé ó jáde síhà kejì, lábẹ́ páànù, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò. Mo kọ ọjọ́ sí i, mo kọ iye méjì sí i, mo kọ ọ́ pé n kò gbẹ́ ìdí ìpìlẹ̀ wò.

Nígbà tí mo wọlé, Màmá ti nu eruku ara álímánáákì náà. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń bọ̀ lọ́la, kí n bá wọn gbé e kọ́ padà. Mo bi wọ́n bóyá kí a gbé e síbòmíràn. Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì lọ wá ìṣó tuntun.